Bí Ọ̀gágun Omi Ṣe Fọ Ìdí Ọkọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Fìlà Ọ̀gágun Omi ń bọ̀. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Fìlà náà funfun, etí rẹ̀ dúdú, ó ń dán, okùn wúrà sì yí i ká bí ejò tó yó. Ní òròòwúrọ̀, Ọ̀gágun á dúró níwájú dígí, á gbé fìlà sọ́tùn-ún, á gbé e sósì. Nígbà tí dígí bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé ó tó, á nà gbọnrangandan, á ké sí ara rẹ̀: "Ọ̀gágun!" Òun náà ni yóò sì dá ara rẹ̀ lóhùn: "Sà!"

Kò ṣe iṣẹ́ ológun rí o. Táìlì ló ń tà. Táìlì, báàfù, ẹ̀rọ omi, àti ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ máa ń rọra padé. Ó ní ẹni tó bá ti ta ẹ̀rọ omi fún ìdajì ìlú, omi ìlú ti wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ nìyẹn. Télọ̀ ló rán aṣọ funfun oníbọ́tìnnì wúrà fún un. Nínú àwọn ìràwọ̀ tó tò sáyà, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ táìlì fún oníbàárà tó rajà jù. Àwọn tó kù, ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni, tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó sún mọ́ ọn dáadáa, á rí eyín ìdérí yíká ìràwọ̀.

Àwọn ará èbúté mọ̀ ọ́n. Tó bá ti ń bọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ọ̀gágun Omi! A-wọ-funfun-bí-lékeléke! A-rìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ẹni-tó-gbẹ́-odò! Ẹja rí ọ, ẹja wọ ìsàlẹ̀. Akàn rí ọ, akàn fi ẹ̀gbẹ́ rìn!" Akàn kò rìn lọ́nà mìíràn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ọ̀gágun gbà pé nítorí òun ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù ú kù tẹ́lẹ̀: ọkọ̀. Ọ̀gágun omi tí kò lọ́kọ̀, ó dà bí apẹja tó ń wo ẹja nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, ọkọ̀ dé. Ọkọ̀ funfun, tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá, tó ga ju ti gbogbo wọn lọ ní èbúté.

"Tuntun ni mo rà á," ló ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́. "Inú ọ̀rá ni wọ́n ti yọ ọ́ níṣojú mi. Òórùn ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbóòórùn ẹ̀!"

Òórùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ọkọ̀ náà. Ní òdìkejì odò, ẹ̀gbọ́n yìí fi ọdún gbọọrọ gbé àpò símẹ́ńtì, bẹ́ńṣì ilé ìwé àti ìyá arúgbó tó ń lọ sí ọsibítù kọjá nínú ọkọ̀ onígi kan tó ń jò, títí ó fi rí èyí rà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ ní ìlú òkèèrè, tó fẹ́ lọ bá a tọ́ ọmọ, ó fa kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò lọ́wọ́.

"Àkẹ́bàjẹ́ mi," ló wí, nítorí orúkọ tó fi ń pè é láti kékeré nìyẹn, "bá mi máa tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóòrèkóòrè, kó má baà sùn gbàgbé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Kí ẹ̀gbọ́n tó dé ibi tó ń lọ, Àkẹ́bàjẹ́ ti wa ọkọ̀ náà kọjá wá sí èbúté ìhà ibí yìí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọkọ̀ náà. Ó fi ọ̀dà funfun bo orúkọ tí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ìdí ọkọ̀: ÒÓGÙN OJÚ MI. Ó tún bo ọ̀rọ̀ kéékèèké kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí a máa kà tó bá yá. Lẹ́yìn náà ló gbé orúkọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ilẹ̀kùn: Ọ̀GÁGUN OMI.

Ní báyìí, wọ́n fẹ́ ṣí èbúté tuntun, ọjọ́ náà gan-an sì ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ fẹ́ yan Ààrẹ. Òfin ẹgbẹ́ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ kò lè jẹ Ààrẹ, ọkọ̀ Ààrẹ ni yóò sì ṣáájú gbogbo ọkọ̀ yòókù jáde níwájú àlejò. Kò sí ẹni tó bá Ọ̀gágun du ipò náà. Wọ́n ní àwọn kò lè bá ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn du nǹkan.

Ìdènà kan ṣoṣo ló kù. Ààrẹ àtijọ́, bàbá kan tó máa ń fi ọ̀pá tọ́ka sí nǹkan bí ẹni tó fẹ́ gún un, ló máa yẹ ọkọ̀ wò. Bàbá yìí kì í sì í wo iwájú ọkọ̀ rárá. "Iwájú? Gbogbo èèyàn ló ń fọ iwájú," ni bàbá máa ń wí. "Ìdí la fi ń mọ ọlọ́kọ̀."

Ìdí ọkọ̀ Ọ̀gágun sì rèé, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ẹlòmíràn kọ́ ló ṣe é. Ọ̀gágun fẹ́ràn kí ẹ́ńjìnnì máa bú ramúramù nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìso, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kò lọ síbì kankan, èéfín náà kò lọ síbì kankan. Ó kàn ń jáde láti ẹnu páìpù, ó ń padà dì mọ́ ìdí ọkọ̀.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ dúró lórí pákó èbúté, "ọkọ̀ yín ti hu irùngbọ̀n."

Ìyàwó yìí ló ń jókòó ti owó ní ṣọ́ọ̀bù táìlì. Ó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa ta èèyàn bí ata tó pẹ́ kó tó ta.

"Irùngbọ̀n wo?"

"Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ pe Afọkọ̀, kó bá yín fá a."

Ẹnu Ọ̀gágun kò tíì padé tí Afọkọ̀ fi yọ. Obìnrin náà ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fọ ọkọ̀ olówó àti tálákà, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju rédíò lọ. Kò sí ìdí ọkọ̀ tí kò tíì rí rí, ó sì máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ó gbé bákẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó tẹ orí wo ìdí ọkọ̀, ó pòṣé.

"Yéè! Ta ló ṣe ọmọ yìí báyìí? Ọ̀gágun, ẹ jẹ́ n wẹ̀ ẹ́ fún yín. Omi tí kò níyọ̀ la óò kọ́kọ́ dà á lára. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ tí kò le, aṣọ rírọ̀. Tó bá ku àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, a fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lójú, a jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, a ṣan án kó tó gbẹ. Tó bá mọ́ tán, a fi ìda pa á lára, a nù ún kó dán. Ìda yẹn ni kò ní jẹ́ kí èéfín ọ̀la rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kí irin má kàn án, kí iyẹ̀pẹ̀ má kàn án, kí áàsìdì má kàn án! Awọ tó wà lójú ọkọ̀ yìí, tó ń dán yẹn, kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ."

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀.

"Ọsàn wẹ́wẹ́! Aṣọ rírọ̀! Ṣé ọkọ̀ la fẹ́ fọ̀ ni, àbí aṣọ ọmọ tuntun? Obìnrin yìí, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi tí mo ta báàfù fún àwọn tó ń wẹ̀, fún àwọn tí kò wẹ̀! Funfun ni báàfù, funfun ni ọkọ̀. Omi wà nínú báàfù, omi wà lábẹ́ ọkọ̀. Kí ló tún kù? Báàfù tó dojú délẹ̀ ni ọkọ̀!"

"Báàfù tó dojú délẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ tún sọ, bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn.

Afọkọ̀ kò tíì kúrò. Ó ṣì ń wo ìdí ọkọ̀. "Ọ̀gágun, ọkọ̀ yìí mà jọ kan tí mo máa ń fọ̀ ní òdìkejì. Ti ìyá kan..."

"Kí ni kò jọra? Àgbò ò jọ àgbò ni? Máa lọ, máa lọ! Ìdí ọkọ̀ mi kì í ṣe ojú agbo!"

Bí obìnrin náà ṣe ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gágun nu iwájú orí. Ìdí tí kò fi lè jẹ́ kí Afọkọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ẹ̀yin pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ ìdí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó lè mọ orúkọ tó sùn lábẹ́ ọ̀dà.

"Èmi ni màá fọ̀ ọ́," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Mo ti pàṣẹ. Ọ̀gágun kì í sì í yí àṣẹ padà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ọ̀gágun kó ẹrù ogun láti ṣọ́ọ̀bù: ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ha ilé ìgbọ̀nsẹ̀, áàsìdì tí wọ́n fi ń fọ símẹ́ńtì kúrò lójú táìlì, àti kànìnkànìn onírin tó le bí ọkàn onílé. Ó so aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan mọ́ ọrùn kí aṣọ funfun má baà lábàwọ́n. Ó wọ inú ọkọ̀ kékeré kan tó yá, ó fi ara ti ìdí ọkọ̀ ńlá, ó sì ṣígun.

Ó da áàsìdì sí i, ó hó ṣàà. "Ẹ̀n-ẹ́n!" ni Ọ̀gágun wí. "Ó ń bẹ̀bẹ̀!" Ó bu ìyẹ̀fun lù ú. Ó gbé kànìnkànìn onírin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, wàrà-wàrà-wàrà, bí ẹni tó ń họ ara fún ajá tí eégbọn ń jẹ. Èéfín kúrò lóòótọ́. Dúdú di eérú, eérú di funfun. Ọ̀gágun kọrin. Ó fi ọwọ́ ha á, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ha á, díẹ̀ ló kù kó fi eyín ha á.

Nígbà tó ṣan án tán, ó sún sẹ́yìn wò ó. Orin dákẹ́.

Èéfín ti lọ, ṣùgbọ́n dídán náà ti bá a lọ. Ìdí ọkọ̀ wá rí ṣákiṣàki bí orókùn ẹni tó ṣubú lórí òkúta. Ìyẹn gan-an kọ́ ló gba orin lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dà funfun tó fi bo orúkọ ti bá ìyẹ̀fun wọ inú odò. Ní àárín ìdí ọkọ̀, lẹ́tà aláwọ̀ búlúù ń yọjú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àwọn onígbèsè tó rí i pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

ÒÓGÙN OJÚ MI.

Òógùn ojú tirẹ̀ náà bò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọjọ́ ti sún mọ́lé, ọ̀dà kò ní gbẹ. Kí ni ohun tó máa ń tètè gbẹ, tó funfun, tó sì ń dán tí a bá fi aṣọ nù ún?

Ẹni tó bá jẹ́ atáìlì ló lè ronú kan ohun tó ronú kàn. Ẹni tó bá jẹ́ atáìlì tó tún jẹ́ Ọ̀gágun Omi nìkan ló sì lè ṣe é. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé símẹ́ńtì funfun, èyí tí wọ́n fi ń dí àárín táìlì. Ó pò ó, ó fi ṣíbí birikìlà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ láti òkè délẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Nígbà tó gbẹ, ẹ wò ó! Ó dán. Ó funfun ju ojú òwú lọ. Èèyàn fẹ́ máa wẹ̀ nínú rẹ̀.

"Báàfù tó dojú délẹ̀," ni Ọ̀gágun wí fún ara rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́.

Ayọ̀ yìí pọ̀ jù fún un láti dá jẹ. Ó gbé fóònù, ó gbẹ́nu sún mọ́ ọn, ó gba ohùn sílẹ̀: "Èmi Ọ̀gágun Omi ni mò ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, àti ẹ̀yin tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ wá wo ọkọ̀ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí èbúté tuntun! Èmi ni mo rà á, èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi náà ni Ààrẹ! Ẹ wá fi ojú jẹun!"

Ó wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kò mú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ló lè máa ṣa èèyàn bí ìrẹsì? Gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ló fi ránṣẹ́ sí.

Oúnjẹ alẹ́ wà níwájú wọn nígbà tí ìdáhùn kan wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan kún inú yàrá, ọmọ tuntun ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Àkẹ́bàjẹ́ mi! O ti ra ọkọ̀! Háà, Àkẹ́bàjẹ́ ra ọkọ̀! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀, mo kàn ń rẹ́rìn-ín, mo kàn ń sunkún. Ìyá ọmọ ní kí n máa lọ, ó ní irú ayọ̀ yìí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń bọ̀ o! Jẹ́ kí tèmi àti tìrẹ jọ dúró, kí wọ́n ya wá ní fọ́tò!"

Òkèlè dúró sí ọ̀nà ọ̀fun Ọ̀gágun. Kò lọ, kò bọ̀.

"Ta... ta ló fi ránṣẹ́ sí i?"

"Ìka yín ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì bu omi fún un.

"Kí la óò ṣe?"

"Ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Òótọ́? Kí n tó jẹ Ààrẹ?" Ọ̀gágun gbé omi mì. "Tó bá dé, a óò ní tiẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo ti pàṣẹ."

"Ọ̀gágun kì í sì í yí àṣẹ padà," ni ìyàwó rẹ̀ bá a parí rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Èbúté tuntun kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé tò sórí pákó láti kọrin fún àlejò. Ọ̀gágun ti fi àsíá àti aṣọ aláràbarà wé ọkọ̀ rẹ̀ láti imú dé àárín, kò sí ibi tó ṣẹ́ kù tí ojú lè mọ̀. Ìdí nìkan ló dá sílẹ̀, funfun, ó ń tan mànàmáná, ó kọjú sí àwọn àlejò.

"Àkẹ́bàjẹ́ẹ́ẹ́!"

Gbogbo orí yí padà. Obìnrin kan tó gbé báàgì lọ́wọ́ ń ti èrò sọ́tùn-ún sósì, ó ń bọ̀ bí ìgbì.

"Ta ni Àkẹ́bàjẹ́?" ni Afọkọ̀ bèèrè, nítorí òun náà wà níbẹ̀. Ibo ni kì í wà?

"Orúkọ oyè ni," ni Ọ̀gágun tètè dáhùn. "Oyè ilé wa." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó rántí pé ṣòkòtò fún un, ó bá dúró sí àárín méjì bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n gbá a mọ́ra, ìràwọ̀ ìdérí ìgò há a láṣọ. "Wo fìlà! Wo bọ́tìnnì! Ọkọ̀ rẹ mà rẹwà o. Ó tiẹ̀ jọ tèmi."

"Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Ìbejì ni wọ́n."

"Tèmi wá dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ikọ́ ló ń wú. Wọ́n ní kó sinmi."

"Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ̀ mi," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó káàánú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ṣí báàgì. "Mi ò mọ nǹkan tí èèyàn lè rà fún ọlọ́kọ̀. Agolo ìda rèé, aṣọ rírọ̀ rèé. Máa fi nu ìdí rẹ̀, kí èéfín má baà bà á jẹ́. O rántí bí mo ṣe máa ń nu tèmi, bí ẹni ń nu ojú ọmọ?"

Ọ̀gágun gba agolo. Ó tètè fi í pamọ́ sẹ́yìn.

Ààrẹ àtijọ́ dé ìdí ọkọ̀.  Bàbá tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó ta ìdí ọkọ̀ ní ọ̀pá: kọ́, kọ́, kọ́.

"Ọkọ̀ rẹ ń dún bí ilé ìwẹ̀."

"Ìgbàlódé ni, Bàbá."

"Hùn-ún. Ó mọ́ ṣá. Mi ò rí ìdí tó mọ́ báyìí rí láti ìgbà tí mo ti ń wo ìdí." Èrò pàtẹ́wọ́. Bàbá gbé ọ̀pá sókè. "Ọ̀gágun, sọ fún wa kó tó di pé a yàn ọ́. Báwo lo ṣe rí ọkọ̀ yìí?"

Ẹni tó bá gbọ́n, ibi tí yóò ti dákẹ́ rèé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún Ọ̀gágun ní gbohùngbohùn tí yóò gbà á padà?

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ló bẹ̀rẹ̀. "Àwọn kan ń jogún ọkọ̀. Àwọn kan ń yá ọkọ̀. Àwọn kan, ẹ forí jì mí, ń jí ọkọ̀! Èmi kọ́! Ẹ wo ọkọ̀ yìí dáadáa. Òógùn ojú mi ni! Mo tún un sọ, òógùn ojú mi ni! Ìyàwó, tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì sọ gbùràgbùrà.

"Fi kún un!"

"Ṣé kí n fi kún un?"

"Mo ti pàṣẹ!"

Ó fi kún un. Ọkọ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì bí ẹni tí otútù mú. Báàfù kì í gbọ̀n, ẹ̀yin ará. Ògiri kì í gbọ̀n. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń dí àárín táìlì kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó. Ìlà tín-ín-rín kan sá gba ìdí ọkọ̀ kọjá. Páá! Èépá kan já bọ́ sómi.

Lójú ihò náà, lẹ́tà búlúù kan jókòó.

"Ò!" ni àwọn ọmọ ilé ìwé kà á sókè, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n bá rí.

Páá!

"Ó!"

Páá, páá, páá!

"Òó... gùn... o... jú... mi! ÒÓGÙN OJÚ MI!"

Ariwo ta. Ọ̀gágun yí padà, ó rí i. Àmọ́ ẹni tó bá ti ta báàfù tó ti là fún oníbàárà, kò sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kò lè yọ ọ́.

"Ṣé ẹ rí i?" ló ké. "Kí ni mo wí? Òógùn ojú mi ni! Àkọsílẹ̀ rèé! Mo fi pamọ́ kó lè yà yín lẹ́nu ni!"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ lóòótọ́. Àtẹ́wọ́ náà ń gbilẹ̀ lọ nígbà tí Ààrẹ àtijọ́ gbé ọ̀pá sókè.

"Dúró ná. Ta ni í fi símẹ́ńtì bo òógùn ojú ara rẹ̀?"

 Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń rọra sún mọ́ ìdí ọkọ̀, ó na ìka sí àwọn lẹ́tà náà.

"Ọwọ́ mi nìyí," ló wí. "Ẹ wo bó ṣe wọ́ níbí. Ọjọ́ tí mò ń kọ ọ́, ìgbì gbé mi. Àkẹ́bàjẹ́... kí ni ọwọ́ mi ń ṣe lára ọkọ̀ rẹ?"

"Mo ti mọ̀!" ni Afọkọ̀ ké lókè ohùn. "Mo ti mọ ìdí yìí! Ọkọ̀ ìyá òdìkejì ni! Èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́!"

Ọ̀gágun kò gbọ́ wọn. Ojú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ orúkọ náà, níbi tí símẹ́ńtì tó kù ti ń là pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́. Ó fò sórí pẹpẹ kékeré tó wà nídìí ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn rọ̀ mọ́ ibẹ̀, ó na apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Kí lo fẹ̀yìn bò?" ni Ààrẹ àtijọ́ bèèrè.

"Mò ń sinmi, Bàbá. Ìyàwó, pa á! Pa ẹ́ńjìnnì!"

Ìyàwó rẹ̀ yọ orí láti ìdí kẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ funfun bí ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Olówó orí mi, ẹ ti pàṣẹ. Ọ̀gágun kì í yí àṣẹ padà!" Ó tún fi kún un.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí pé ìdí ọkọ̀ ni páìpù èéfín wà. Páìpù náà wú ikọ́, ó bi gbogbo ohun tó ti fi sínú láti ọjọ́ pípẹ́ sára aṣọ funfun, wùù! Ooru dé ìdí Ọ̀gágun. Ó ké "Yéè!", ó fò bọ́ sórí pákó. Símẹ́ńtì tó kù bá a fò, ó fọ́ wẹ́wẹ́ sómi. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a ti ń retí láti àárọ̀ sì hàn gbangba. Àwọn ọmọ ilé ìwé mí kanlẹ̀, wọ́n kà á pa pọ̀, lóhùn tó já gaara:

"ÀKẸ́BÀJẸ́, MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN O!"

Èrò wo ọkọ̀. Èrò wo Ọ̀gágun.

"Háà," ni Afọkọ̀ wí, "orúkọ oyè!"

Ẹ̀rín bú. Àlejò pàtàkì fi ìwé ètò bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé fìlà akéte ẹlòmíràn. Àwọn tó máa ń kì í bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: "Àkẹ́bàjẹ́ Omi! A-fi-símẹ́ńtì-wẹ-ọkọ̀! Akàn rí ọ, akàn rìn tààrà!"

Ọ̀gágun fẹ́ gba àárín èrò sá lọ. Ààrẹ àtijọ́ na ọ̀pá dí i lọ́nà.

"Yí ẹ̀yìn padà, ọmọ mi."

Ó yí i padà. Láti ọrùn dé ìdí ṣòkòtò, ó dúdú kirimu.

Bàbá wò ó fínnífínní. "Ìdí la fi ń mọ ọlọ́kọ̀," ló wí. "Kò sí ọlọ́kọ̀ níbí."

Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìdí ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí kànìnkànìn onírin ti bó o láwọ. "O bó o lára," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Àkẹ́bàjẹ́, mo ní kó o máa tan ẹ́ńjìnnì. O wá bó o lára."  Ọ̀gágun ṣí fìlà, ó dì í mú síwájú ikùn bí ọmọ tí olùkọ́ ń bá wí.

"Ta ló ni ọkọ̀ yìí?" ni Ààrẹ àtijọ́ bèèrè lọ́wọ́ èrò.

"Ẹ̀GBỌ́N!"

"Ó yá, ẹ̀gbọ́n, ẹ wà á síwájú. Ọ̀rọ̀ Ààrẹ lè dúró títí ìdí yín yóò fi dán padà. Afọkọ̀ yóò fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àbúrò yín, ní àràárọ̀, níṣojú gbogbo wa."

Ẹ̀gbọ́n wọ inú ọkọ̀ lọ bá ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó ya àsíá kúrò níwájú. Ó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ẹ́ńjìnnì rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ti rí ìyá rẹ̀. ÒÓGÙN OJÚ MI ṣáájú jáde, gbogbo ọkọ̀ yòókù tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wá rántí orin wọn.

Lórí pákó, ó ku Ọ̀gágun, agolo ìda, aṣọ rírọ̀, àti Afọkọ̀. Ó wo ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo odò. Ó súnmọ́ Afọkọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma. Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ èéfín lára aṣọ funfun, tí aṣọ ò fi ní bàjẹ́?"

"Omi tí kò níyọ̀ lákọ̀ọ́kọ́," ni Afọkọ̀ wí. "Ọṣẹ tí kò le. Kẹ́ ẹ rọra ṣe é o, bí aṣọ ọmọ tuntun."

Láti orí omi, ohùn ìyàwó rẹ̀ fò padà wá sórí èbúté, ó mọ́ gaara, gbogbo èrò tó wà létí odò sì gbọ́ ọ:

"Olówó orí mi! Ẹ má fi símẹ́ńtì sí i o!"